Kí ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ ń ṣe fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́?

Láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn ọ̀dọ́ ń wọkọ̀ kúrò ní Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà l'Ólúyọ̀lé. Àwọn kan ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Kásúà ni àwọn mìíràn: owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, wọn ò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ á wà lọ́la. Ìyàtọ̀ yìí kò mọ sórí owó nìkan o. Ó ń hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ẹni tí wọ́n lè dá dúró nígbàkigbà kì í fẹ́ sọ pé ara òun ò yá. Á gbé ibà dúró ti ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti ń gé ìka. Bí ẹ̀rọ bá ń dún bákan, á dákẹ́, kí wọ́n má baà ní òun ló bà á jẹ́. Bó bá sì ti rí iṣẹ́ míì, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford l'Amẹ́ríkà gba èèyàn tó lé ní 52,000 kí òṣìṣẹ́ bíi 14,000 tó lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 1914, Henry Ford kéde dọ́là 5 lójúmọ́, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ dín kù gidigidi.

Ní Nàìjíríà, òfin Labour Act ti 1974 sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́, owó, wákàtí àti bí wọ́n ṣe máa fún ara wọn ní nótíìsì. Ọjọ́ kan nínú méje jẹ́ ti ìsinmi. Lẹ́yìn ọdún kan, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni òṣìṣẹ́ á fi sinmi pẹ̀lú owó. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù kan.

Àmọ́ ìwé nìkan kò tó. Bí òfin ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ kìkì owó ìtanràn, àṣìṣe ni òṣìṣẹ́ á máa fi pamọ́. Ìlànà tó ń mú iṣẹ́ dára ni èyí tó de ọ̀gá bó ṣe de òṣìṣẹ́.

Bí ọmọ tàbí àbúrò yín bá ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, ẹ ní kó béèrè ìwé rẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà kan sílé. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, National Industrial Court ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn níbí.