Ọ̀tún ni iṣu ń lọ́ sí, òsì ni èsúrú ń lọ́ sí: ìdílé ìtàkùn tó ń bọ́ wa

Ìbéèrè tòní dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé: kí ni iṣu?

Ní àdúgbò Al-Sharafiyah ní Jeddah, ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn ará Kerala láti Íńdíà pọ̀ níbẹ̀ gan-an, àwọn ará Philippines náà sì pọ̀ nínú ìlú. Ará Kerala ní ohun kan tó ń pè ní chena. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ni “elephant foot yam”, bí ẹni ń sọ pé iṣu ẹsẹ̀ erin. Ará Philippines ní tirẹ̀ tó ń pè ní ube, aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì àti ice cream. Ọmọ Yorùbá tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ “yam” nìkan, chena ló máa gbé lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ chena kì í ṣe iṣu rárá, mọ̀lẹ́bí kókò ni. Ube tó jọ nǹkan àjèjì yẹn gan-an ni tiwa: ewùrà ni, ewùrà kan náà tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń se ìkọ́kọrẹ́.

Orúkọ ọjà lè tan ni jẹ. Ewéko fúnra rẹ̀ ni kì í tan ni, bí a bá mọ ibi tí a ó wò. Ibi tí a ó wò yẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé nínú ìdílé yìí, ẹni tó bá ṣì wọ́n mú lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ìdílé wo ni?

Dioscoreaceae ni orúkọ ìdílé náà. Robert Brown, onímọ̀ ewéko ará Scotland, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1810. Ìran tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni Dioscorea, orúkọ tí Linnaeus kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1753, tó wá láti ara Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì ayé àtijọ́. Ẹ̀yà inú ìran yìí ju 600 lọ. Ilẹ̀ olóoru ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, ìtàkùn tó ń gun igi sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ẹni tó bá ń kọ kóòdù mọ̀ pé ọ̀nà méjì la lè gbà to fáìlì. A lè wo orúkọ àti ìrísí rẹ̀, a sì lè wo ìtàn rẹ̀, pé ara fáìlì wo ni wọ́n ti dà á kọ. Ìrísí ni àwọn onímọ̀ ewéko àtijọ́ ń wò. Àwọn ti ìsinsìnyí ń ka DNA mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ìtàkùn kan tó ń so èso pupa rírọ̀ ní Yúróòpù, tí wọ́n ti ń pè ní Tamus tipẹ́, fi di Dioscorea ní 2002. Èso rẹ̀ ò jọ ti iṣu, torí èso iṣu gbẹ, ó sì ní ìyẹ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìtàn ìran wọn fi hàn pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti wá.

Iṣu tún jẹ́ ẹbí àgbàdo, ọ̀pẹ àti àlùbọ́sà, àwọn tí irúgbìn wọn ń yọ ewé kan ṣoṣo nígbà tó bá kọ́kọ́ hù. Iṣan ewé irú wọn sábà máa ń tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ti àgbàdo. Ti iṣu yàtọ̀: ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, àwọn iṣan kéékèèké sì so àwọn ńlá pọ̀ bí àwọ̀n. Ọ̀dùnkún tí àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń pè ní “yam” náà ń fà bí ìtàkùn, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ló ti wá.

Ẹ wo ọwọ́ tó ń lọ́ sí

Ẹ dúró síwájú igi tí ìtàkùn gùn, kí ẹ wo apá tó kọjú sí yín. Bó bá ń gòkè láti ọwọ́ òsì yín lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀dọ̀ iṣu funfun, igángán àti ewùrà lẹ wà. Bó bá ń gòkè láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èsúrú tàbí ẹmìnà, èyí tó ń so iṣu rẹ̀ sórí ìtàkùn lókè. Ìbéèrè kan, ìdáhùn méjì: bit kan ṣoṣo lédè kọ̀ǹpútà. Oòrùn kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, àjogúnbá ni. Àwọn onímọ̀ ewéko sì ń lò ó láti pín ìran Dioscorea sí abala.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo igi rẹ̀ àti ewé rẹ̀. Igi ewùrà ní igun mẹ́rin, ó sì ní ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewé èsúrú pín sí mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, ìtàkùn rẹ̀ sì ní ẹ̀gún. Pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta péré, àgbẹ̀ tí kò kàwé rí ti ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Ibi tó ti léwu

Àwọn àgbà ní èsúrú ṣàṣejù, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán. Èsúrú oko kò dáa fún iyán lóòótọ́, ó sì máa ń le koránkorán láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá wà á, ṣùgbọ́n a ń sè é jẹ. Ti igbó ni ká sá fún. Èsúrú igbó ní oró kan tó ń ba iṣan ara jà, tó lè mú gìrì wá, tó sì lè pani. Nígbà ìyàn ni àwọn èèyàn máa ń wà á, tí wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro wá nìyí: ti oko àti ti igbó, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, Dioscorea dumetorum. Ọwọ́ òsì kan náà, ewé mẹ́ta kan náà. Ìsọ̀rí àwọn onímọ̀ lè mú wa dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbin ín nìkan ló lè sọ ohun tó wà nínú ilé. Tí ẹ ò bá mọ ẹni tó gbin èsúrú kan, ẹ má jẹ ẹ́.

Orúkọ tó ṣì ìlú mú

Orúkọ ìwé náà lè ṣini lọ́nà. Igángán ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea cayenensis. Lamarck ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣebí Áfíríkà ni iṣu náà ti wá, tó sì dé ọ̀hún láyé òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n òfin àwọn onímọ̀ ewéko ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ló máa ń dúró, bí ibi tó tọ́ka sí kò tilẹ̀ tọ̀nà.

DNA ló ń dá ìtàn náà padà sílé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tó ka DNA iṣu 167, sọ pé agbègbè odò Ọya ni wọ́n ti sọ iṣu igbó tó ń jẹ́ Dioscorea praehensilis di iṣu oko. Òmíràn ní 2020 ní àdàlù ni iṣu funfun: praehensilis ti igbó kìjikìji àti abyssinica ti ilẹ̀ ọ̀dàn. Èrò wọn ò bára mu tán, ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn méjèèjì tọ́ka sí.

Kí nìyẹn kàn wá? Ó kan ìkòkò ọbẹ̀ wa. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń wa bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣu gbogbo ayé, èbù sì ni a fi ń gbin ín. Èbù ń bí irú ara rẹ̀ gan-an. Àrùn tó bá mú ọ̀kan á rí ìyókù mú. Irúgbìn nìkan ló lè mú ìran tuntun wá, akọ àti abo iṣu sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti ìbẹ́pẹ. Ẹni tó fẹ́ mú wọn gùn gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi yọ òdòdó, àwọn mìíràn kì í sì í yọ ọ́ rárá. Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti Japan àti IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ka DNA iṣu funfun tán, wọ́n sì rí àmì tí a fi lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo láti kékeré. Àwọn iṣu igbó tí a ń fojú tín-ín-rín sì ni ẹbí tí a ó padà tọ̀ lọ, tí àrùn bá dé.

Tí ẹ bá tún dé oko bàbá yín, ẹ wo ọwọ́ tí ìtàkùn ń lọ́ sí kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní pẹ́ títí láyé. Ó dìgbà kan ná.