Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Mọ̀ Nípa Kérésìmesì?

Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, kò sí ọmọ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán létí pé Kérésìmesì ń bọ̀. Aṣọ ọdún ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, adìẹ ti wà ní ìso, ìyá sì ti ń ṣírò iye ìrẹsì tí yóò tó. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ kan nínú ilé wa pé, “Nítorí kí ni a ṣe ń ṣe gbogbo èyí?” kí ni yóò fi dáhùn? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá parí sí aṣọ àti ìrẹsì, ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ ń bẹ fún wa láti ṣe.

Àwọn ará kan ní kí a kúkú pa ọdún náà tì, nítorí Bíbélì kò dárúkọ ọjọ́ tí a bí Jésù. Òtítọ́ ni. Ní ìlú Róòmù, ní ọdún 336, ni a ti rí àkọsílẹ̀ pé àwọn Kristẹni ń ṣe ìrántí ìbí Rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọ́ ló ń gba ni là, Ẹni tí ó wá ni. Ní ilẹ̀ tiwa, Àgbádárìgì ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti jọ ṣe Kérésìmesì ọdún 1842. Ìhìn rere ni wọ́n gbé wá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa di aṣọ ọdún mú, kí wọ́n sì sọ ìhìn rere nù.

Aṣọ ọdún

Kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ẹ sọ fún un pé Ọmọ Ọlọ́run fi ògo Rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ara èèyàn wọ̀. Ọ̀já ni wọ́n fi wé E ní ibùjẹ ẹran. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe kókó ní ọdún tí owó kò bá sí. Ọmọ tí ó gbà pé aṣọ ni Kérésìmesì yóò rò pé Ọlọ́run ti gbàgbé ilé wọn nígbà tí baba kò bá rí aṣọ rà. Èyí tí ó mọ Jésù yóò wọ aṣọ èṣí lọ sí ìsìn, yóò sì yọ̀.

Abọ́ ìrẹsì

Àwọn ọmọ la máa ń rán gbé oúnjẹ lọ fún aládùúgbò, títí kan àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n bu ẹran fún wa nígbà Iléyá. Kí a tó dé abọ́ náà, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: ìròyìn ayọ̀ tí áńgẹ́lì mú wá fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ti gbogbo ènìyàn ni. Ẹ sì kọ́kọ́ bu ti opó àti ti aláìní, kó tó kan ọ̀rẹ́ tí yóò bu padà fún wa.

Bàbá Kérésìmesì

Ara Nicholas ni ìtàn bàbá onírùngbọ̀n funfun yìí ti ṣẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra ni, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọ̀rúndún kẹrin. Ìtàn sọ pé ó máa ń ta àwọn aláìní lọ́rẹ ní ìkọ̀kọ̀. Òtítọ́ yìí ni kí a sọ fún ọmọ. Bí a bá purọ́ fún un pé bàbá náà ń ti ọ̀run bọ̀, lọ́jọ́ tí ó bá rí i pé ará àdúgbò ló wọ aṣọ pupa lọ́rùn, yóò béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn Jésù rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún

Kí ìkòkò tó gorí iná, ẹ kó gbogbo ilé jọ síbi àdúrà. Ẹ ka Lúùkù orí 2, ẹsẹ 1 dé 20. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé kà á, kí àwọn kékeré sì fi ẹnu ara wọn tún un sọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan nínú tirẹ̀, aṣọ tàbí bàtà tí ó ṣì dára, fún ọmọ tí kò ní.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àṣà tí a kò bá sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ, ayé yóò sọ ìdí mìíràn fún un. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ wọn sí ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Àmín.