Ṣé Wọ́n Ń Rẹ́ Wa Jẹ Ni? Ìdí Tí Fíìmù Polaroid Fi Wọ́n

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí. Àwa tí a fẹ́ràn kámẹ́rà onífíìmù, kò sígbà tí a pàdé tí a kì í jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta fíìmù Polaroid. Páálí kan, fótò mẹ́jọ péré! Àwọn kan ní olè ni ẹni tó ń tà á. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá lówó, kó máa fi fóònù rẹ̀ ya fótò. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ká ní ẹ háyà bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní 60,000 náírà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ 15, 4,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ó di 20,000. Dírẹ́bà ò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Èrò inú ọkọ̀ ló dín kù. Bí ọjà tí àwọn díẹ̀ ń rà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ ò mọ̀ bóyá oníbàárà pọ̀ tàbí wọn ò pọ̀. Owó rẹ̀ lẹ máa san.

Lọ́dún 2008, Polaroid kéde pé òun ò ní ṣe fíìmù mọ́, torí kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù ti gba ọjà. Àwọn kan tó nífẹ̀ẹ́ fíìmù náà gba ilé iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn, ní ìlú Enschede lórílẹ̀-èdè Netherlands. Wọ́n pe ara wọn ní Impossible Project. Ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tí Polaroid ń lò, kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tí fíìmù wọn jáde lọ́dún 2010, ó wọ́n, kò sì tíì dáa tó: ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo fótò bó ṣe ń jáde, kí ìmọ́lẹ̀ má bà á jẹ́. Páálí Polaroid 600 àtijọ́ ní fótò 10. Tiwọn ní mẹ́jọ. Síbẹ̀, àwọn èèyàn rà á. Owó yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Lónìí, orúkọ Polaroid ti padà sára páálí wọn.

Ẹ wá fi wé FP-100C ti Fujifilm. Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan kó èyí tó kù pamọ́, owó rẹ̀ sì fò sókè. Owó tí wọ́n fi lé e yẹn ò mú páálí tuntun kan ṣoṣo jáde.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn. Tí fíìmù bá wọ́n, ẹ béèrè ibi tí owó náà ń lọ. Ẹni tó ń kó o wọ Nàìjíríà ń ra dọ́là, ó ń san owó ẹrù àti kọ́sítọ́ọ̀mù, fíìmù sì lè pẹ́ nílẹ̀ kó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yẹ kó jèrè. Ẹni tó kó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Tí owó bá le jù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ò ní wọlé, àwa mẹ́ta inú bọ́ọ̀sì á wá ku méjì. Ẹ wo Instax tí wọ́n ń yà lóde ìgbéyàwó: fótò rẹ̀ kò wọ́n tó ti Polaroid, torí pé oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Lójú tèmi, owó tó tọ́ ni èyí tí kò ní jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kógbá sílé, tí kò sì ní lé ọmọ tuntun sẹ́yìn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.