Ìgbín omi inú adágún ẹja

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú adágún, ẹ ti rí i pé ìgbín kéékèèké máa ń wà ní etí omi náà. Kò sí ẹni tó kó wọn síbẹ̀. Wọ́n lè bá èpò omi wá, wọ́n sì lè lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé: «Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń bá wa fọ adágún.» Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni ìgbín omi ń jẹ?

Bí oòrùn bá ń ràn sínú omi, ohun kan tó ń yọ̀, tó ní àwọ̀ ewé, máa ń hù sára òkúta àti igi inú omi. Òun ni ìgbín ń fi ahọ́n rẹ̀ ha jẹ. Ahọ́n náà rí ṣákaṣàka bí ayùn. Ìgbín tún ń jẹ ewé tó ti ń jẹrà. Nítorí náà, lóòótọ́ ni ó ń tún omi ṣe. Kì í jẹ ẹja, kì í sì í bu ènìyàn jẹ.

Níbo ni ewu náà ti wá?

Ọ̀dọ̀ àwa ènìyàn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àrùn kan wà tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní àtọ̀sí ajá. Àwọn dókítà ń pè é ní bilharziose. Ó wà ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní Nàìjíríà. Báyìí ni ó ṣe ń rìn:

1. Ẹni tó ní àrùn náà tọ̀ sínú omi. Ẹyin aràn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.
2. Ẹyin náà pa. Ọmọ aràn jáde, ó ń wá ìgbín kiri. Bí kò bá rí irú ìgbín tó fẹ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó kú.
3. Bí ó bá rí i, ó wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyọ kan ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.
4. Àwọn aràn náà jáde sínú omi nígbà tí oòrùn bá mú, pàápàá ní ọ̀sán gangan. Ojú wa kò lè rí wọn.
5. Wọ́n gba awọ ara wọ inú ẹni tó wà nínú omi. Kò dìgbà tí ó bá mu omi náà.

Ìgbín tó ń gbé àrùn yìí kéré. Bí ẹ bá gbé ṣóńṣó ìkarahun rẹ̀ sókè, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín, ẹnu náà wà ní apá òsì. Irú kejì pẹlẹbẹ, ó ká bí òṣùká. Èyí ń gbé irú àrùn náà tó ń mú ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ lásán wá wọn nínú omi.

Kí ni àrùn náà ń ṣe?

Ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní ìparí ìtọ̀. Inú ń ro aláìsàn, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá pẹ́, àrùn náà ń ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ó lè dá egbò sí ojú ara obìnrin, kí ó má sì jẹ́ kí ó lóyún. Ní ibòmíràn, àwọn ènìyàn rò pé ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ń bàlágà ni. Rárá o! Àìsàn ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Senegal

Ní 1986, wọ́n parí ìdídò Diama ní ìsàlẹ̀ odò Senegal, kí omi iyọ̀ òkun má baà gòkè wá sí oko. Àwọn ìgbín tí à ń sọ yìí kì í gbé inú omi òkun. Nígbà tí iyọ̀ kò wọlé mọ́, èpò omi pọ̀, ìgbín sì pọ̀. Ní 1988, wọ́n rí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà ní ìlú Richard-Toll, ó sì tàn kíákíá.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ àti àwọn ará abúlé fa èpò kúrò ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wọ omi. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 2023. Ìgbín dín, àrùn sì dín lára àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n sọ èpò náà di ajílẹ̀ fún oko àti oúnjẹ fún ẹran ọ̀sìn.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe?

- Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, kí ó jìnnà sí omi. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe tọ̀ sínú adágún tàbí odò. Bí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò bá dé inú omi, ìgbín kò ní àrùn tí yóò gbé.
- Ẹ máa fa èpò etí adágún. Ẹ wọ bàtà òjò gígùn, tàbí kí ẹ fi igi gígùn fà á láti orí ilẹ̀. Ẹ kó o lọ sí oko fún ajílẹ̀.
- Ẹ sin pẹ́pẹ́yẹ. Ó máa ń jẹ ìgbín omi.
- Ẹ má da oògùn kòkòrò sínú omi. Yóò pa ẹja yín.
- Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gbígbẹ adágún nìkan. Àwọn ìgbín kan ń fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ títí òjò yóò fi dé.
- Omi tí ẹ óò fi wẹ̀, ẹ sè é, tàbí kí ẹ fi í sínú ìkòkò tí a dé fún ọjọ́ méjì gbáko. Kí ìgbín má sí nínú rẹ̀. Àwọn aràn náà yóò kú.
- Bí ẹnikẹ́ni bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel. Bí ènìyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń ka hóró rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu ún, tó tún padà sínú omi burúkú, lè tún kó o.

Ẹ má bẹ̀rù ẹja yín. A kì í ti inú jíjẹ ẹja kó àrùn yìí. Ẹ sè é dáadáa, ẹ jẹ ẹ́, ẹ sì tà á.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀

1. Níbo ni àwọn ọmọ abúlé wa ti ń wẹ̀? Ṣé ìgbín wà níbẹ̀?
2. Kí ni a máa ń sọ bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀?
3. Ọjọ́ wo ni a lè jọ fa èpò etí omi wa?