Ọ̀wẹ̀ Inú Ekòló

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ẹ̀kọ́ ìtẹríba ni àwa olùkọ́ èdè sábà máa ń fà yọ nínú òwe yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá lanu tán, kí ni ekòló ń rí jẹ níbẹ̀, báwo sì ni oúnjẹ náà ṣe ń dà?

Ekòló kò ní eyín. Ọ̀fun ni ó fi ń fa erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà wọlé. Oúnjẹ náà a kọ́kọ́ dúró nínú àpò kan, kí ó tó bọ́ sínú iwe, irú èyí tí adìẹ ní. Ibẹ̀ ni yanrìn tí ekòló gbé mì ti ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọlọ. Síbẹ̀, ohun tí a lọ̀ kúnná kò tíì dà.

Nínú erùpẹ̀ ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-tín wà, bakitéríà àti àwọn ìbátan olú tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ní oje tí ó lè tú ewé líle palẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń sùn ni, nítorí oúnjẹ jìnnà sí wọn, wọn kò sì lè rìn dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá wọ inú ekòló, a pò wọ́n mọ́ omi àti oje yíyọ̀ tí ara rẹ̀ ń sun. Oje yìí rọrùn láti jẹ. Wọn a jẹ ẹ́, wọn a sì jí. Bí oje náà bá ń tán lọ nínú ìfun, wọn a kọjú sí ohun líle tí ó kù, wọn a tú u palẹ̀, àwọn àti ekòló a sì jọ pín in jẹ.

Ní Lamto, ní Côte d'Ivoire, Patrick Lavelle, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí èyí lára Millsonia anomala, ekòló pápá tí ń jẹ erùpẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ekòló ni ó gbára lé wọn bákan náà. Àwọn mìíràn a máa ṣe díẹ̀ nínú irú oje bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Kí ni kí a pe àjọṣe yìí ní èdè wa? Ẹnìkan lè pè é ní àáró. N kò gbà. Nínú àáró, mo bá ọ ṣe lónìí, o bá mi ṣe lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni èyí: ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni ó ń bọ́ àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́.

Àǹfààní rẹ̀ kò sì mọ sí inú ekòló. Ìgbẹ́ tí ó ń ṣù sórí ilẹ̀ máa ń ní oúnjẹ tí gbòǹgbò lè fà ju erùpẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a tún ìwà wa rò. Ní àárọ̀, a ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbá ewé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ jọ, kí wọ́n dáná sun ún. Ní ọ̀sán, a ń bi wọ́n léèrè ohun tí ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ewé tí a sun ni oúnjẹ ọ̀wẹ̀ náà. Ẹ kó o sí ìdí igi. Bí ekòló bá júbà, tí ilẹ̀ sì lanu, ẹ jẹ́ kí ó bá nǹkan lẹ́nu rẹ̀.