Victor Ọláìyá: Láti Orí French Horn dé Orí Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn fi ń dá Victor Ọláìyá mọ̀ lórí ìtàgé: trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, àti aṣọ ìnujú funfun tí ó fi ń nu òógùn. Ìwọ̀nba ni ó mọ̀ pé fèrè mìíràn ni ó kọ́kọ́ fi ẹnu kàn. Nígbà èwe rẹ̀, bombardon àti French horn ni ó kọ́ láti fọn.

Ìlú Kàlàbá ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1930. Ọmọ 24 ni ó wà nínú ìdílé náà, 19 sì ṣáájú rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Kí ará Ìdó-Ọ̀ṣun tàbí Òṣogbo tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí má ṣe wá a lọ sí ẹ̀bá Iléṣà. Ilẹ̀ Èkìtì ni ó wà.

Kí ni French horn? Ọ̀pá idẹ tí a ká bí ejò ni. Bí a bá tú u, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 4, nígbà tí ti trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kò pé mítà kan àtààbọ̀. Nítorí gígùn yìí, àwọn ohùn òkè rẹ̀ súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ètè bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn tí a kò pè ni yóò jẹ́. Ẹnu rẹ̀ gbígbòòrò kọjú sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún afọnfèrè sì ń wà nínú rẹ̀ láti tún ohùn náà ṣe. Ohùn rẹ̀ tutù, ó kún, ṣùgbọ́n ìlù a máa tètè bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onijáàsì fi ń sá fún un. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, díẹ̀ ni irú Julius Watkins, ọmọ ìlú Detroit (1921–1977), ẹni tí ó fọn ọ́n pẹ̀lú Thelonious Monk nínú àwo kan ní 1953.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni Ọláìyá mú lọ sí agbo ijó. Lóòótọ́, ibi tí ẹnu ń kàn lára fèrè méjèèjì yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti fi etí àti ètè ṣọdẹ ohùn lórí French horn kò lè bá trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ní àjèjì.

Ìpinnu tí ó le jù dé ní 1951. Ó yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà sì gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò lọ. Inú àwọn òbí rẹ̀ kò dùn sí i rárá, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi pátápátá: lójú ọ̀pọ̀ àgbà ìgbà náà, alágbe ni onílù, alágbe ni afọnfèrè, ẹni tí ó bá sì ti òkè òkun dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ni ọmọ gidi.

Ó bá ẹgbẹ́ Sammy Akpabot ṣeré, ó bá ti Bobby Benson ṣeré, níbi tí jáàsì àti háíláìfù ti ń jùmọ̀ jẹun nínú àwo kan. Ní 1954 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Cool Cats. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì bẹ Nàìjíríà wò, ẹgbẹ́ yìí ni a yàn láti ṣeré níbi ijó ìjọba. Wọ́n tún pè é níbi ayẹyẹ òmìnira ní 1960.

Àwọn ọ̀dọ́ sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá. Tony Allen, onílù, wà nínú Cool Cats. Fẹlá Ransome-Kútì náà bá wọn ṣeré kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n rán Fẹlá lọ kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ni ó wọ̀, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì sì ni ó kọ́ níbẹ̀.

Ọláìyá ń ṣeré ní Stadium Hotel rẹ̀ ní Sùúrùlérè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2013, ó tún bá 2Baba kọ ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ àtijọ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 2020, ní ẹni ọdún 89.