Ìkookò Tó Jókòó Sáàyè Ajáko

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ewékorò, SS2 ló wà. Orí fóònù ló ti ń ka ìtàn ọmọkùnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, láìmọ̀ pé ìkookò ni, pé agbára ńlá wà lára ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé irú ẹ̀ wà lóòótọ́?"

Èèyàn kì í di ìkookò o, bó ti wù kí òṣùpá mọ́lẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹranko kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí ìtàn ẹ̀ jọ ti ọmọ yẹn gan-an.

Ẹ máa rí i láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Íjíbítì àti Tanzania. Kò tóbi, kì í sábà ju kìlò 15 lọ. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí iyanrìn. Eku, tata àti òkú ẹran ló ń jẹ. Ajáko làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kà á sí, irú kan náà pẹ̀lú ajáko ilẹ̀ Íńdíà. Lóòótọ́, wọ́n ti fún èyí tó wá láti Íjíbítì ní orúkọ tiẹ̀, Canis lupaster, ní 1832. Ní 1880, Thomas Huxley yẹ agbárí ẹ̀ wò, ó ní ó jọ ti ìkookò Íńdíà. Síbẹ̀, àyè ajáko ni wọ́n fi í sí.

DNA ló tú àṣírí. Ní 2011, wọ́n yẹ ti àwọn tó wà ní Etiópíà wò. Ní 2012, ó kan Sẹ̀nẹ̀gàl, Málì àti Àlgéríà. Ìkookò ló ń jáde. Àmọ́ DNA tí ìyá nìkan ń fi sílẹ̀ fọ́mọ ni wọ́n lò. Ẹnìkan lè sọ pé bóyá bàbá-ńlá kan ló fẹ́ abo ìkookò láyé àtijọ́, àbí? Ìyẹn ni Klaus-Peter Koepfli àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi wo DNA tìyá-tìbaba ní 2015. Wọ́n rí i pé ẹ̀ka ajáko Éṣíà ti yà kúrò lára ẹbí ìkookò láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ọdún, ti ẹranko wa yìí kò ju mílíọ̀nù 1.3 lọ. Irú ìgbé ayé kan náà ló mú kí ara wọn jọra.

Ìwádìí 2018 tún fi kún un pé àdàlù ni: nǹkan bí ìdá 72 nínú 100 wá láti ọ̀dọ̀ ìkookò ńlá tilẹ̀ òtútù, ìyókù láti ọ̀dọ̀ ìkookò Etiópíà.

Orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Tó bá jẹ́ ajáko, tí àwọn darandaran bá pa á tán níhìn-ín, wọ́n á ní ó ṣì pọ̀ ní Éṣíà. Ní báyìí, Áfíríkà nìkan ló ní in.

Ẹ má bínú, èdè tiwa náà dá kún wàhálà yìí. Ìkookò inú Bíbélì la mọ̀, ṣùgbọ́n ìkookò làwọn kan tún ń pe ẹranko táwọn Haúsá ń pè ní kúrá, tó sún mọ́ ológbò ju ajá lọ.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fọ́mọ náà. Kò yà á lẹ́nu rárá. Inú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, karawun ẹran inú òkun wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìbéèrè kan péré ló kù:

"Àǹtí, ìkookò yẹn ńkọ́, ṣé òun náà rò pé ajáko lòun ni?"